Bí a ṣe mú kọ̀ǹpútà márùn-ún tí àkáǹtì wọn kò bára mu lo fódà kan náà ní ilé ìtẹ̀wé kan l'Ákùrẹ́

Ìwé ètò ìsìnkú kan ló fa iṣẹ́ yìí. Ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nítòsí Arákálẹ̀, níbi tí mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ayàwòrán wa ti tún ọjọ́ ìsìnkú náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé fáìlì náà sórí fláàṣì kan. Fláàṣì tí ọmọkùnrin tó wà ní yàrá pléètì mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kọ́ ni ìyẹn. Ẹ̀dà 300 ni a ti tẹ̀ kí akọ̀wé tó kígbe pé ọjọ́ tó wà lójú ìwé kọ́ ni ẹbí náà mú. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, san owó bébà náà láti àpò ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ rí fláàṣì mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Bá mi wá ojú kan tí iṣẹ́ á máa wà, kí gbogbo yín máa mú un níbẹ̀."

Mo dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é, nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ibi tí mo ti ṣì í.

Ìpele 1: Kíka àkáǹtì tó wà nílẹ̀

Mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì lọ sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan láti kọ orúkọ àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀. Lórí Linux àti Mac, kọ́máǹdì `id` ni mo fi wò ó. Lórí Windows, `whoami` ni.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, disk rẹ̀ sì jẹ́ 1 TB. Òun ni mo yàn láti jẹ́ ibi ìpamọ́. Mo fi Ubuntu 22.04, irú Linux kan, sí i, mo sì sọ ọ́ ní `apoti`, nítorí náà Àpótí ni n ó máa pè é láti ìhín lọ. Àkáǹtì kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ ni `onise`, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000 (Linux àti Mac máa ń fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà). Kọ̀ǹpútà yàrá pléètì ń lo Linux Mint. Àkáǹtì tó ní nọ́ńbà 1000 níbẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ọmọkùnrin tó ń lò ó báyìí wà lórí `pleeti`, tó jẹ́ 1001. Kọ̀ǹpútà iwájú, níbi tí akọ̀wé ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, jẹ́ Windows 10. Orúkọ àkáǹtì rẹ̀ ni `Front Desk`, pẹ̀lú àlàfo láàárín, kò sì ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ti ayàwòrán jẹ́ Windows 11 Pro, ẹ̀dà 24H2, tó ń fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ wọlé sí. Windows sì ti gé lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ímeèlì náà láti fi sọ fódà rẹ̀ lórúkọ, débi pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni orúkọ òun gan-an. Ìkarùn-ún ni MacBook ti ọmọ Mọ́mì obìnrin tó ń bójú tó ìṣirò owó. Láti 501 ni Mac ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkáǹtì ní tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún, orúkọ mẹ́fà, kò sì sí méjì tó bára mu.

Ìpele 2: Wáyà

Wi-Fi nìkan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ra switch oníhò mẹ́jọ ní ₦28,500, wáyà Cat 6 tó jẹ́ mítà 40 ní ₦500 fún mítà kọ̀ọ̀kan, àti orí wáyà méjìlá ní ₦200 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦50,900, láìka owó ọ̀kadà mọ́ ọn. Irin tí a fi ń tẹ orí wáyà ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀.

Wáyà tó lọ sí yàrá pléètì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fáìlì kò rìn ju nǹkan bíi 11 MB lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. `ethtool` sọ fún mi pé 100Mb/s ni ìsopọ̀ náà wà, nígbà tó yẹ kó wà ní 1000Mb/s. Fọ́nrán mẹ́rin nínú wáyà tó fún 100, ṣùgbọ́n 1000 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Fọ́nrán aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni kò wọlé dé ìdí nígbà tí mo tẹ orí rẹ̀. Mo gé e, mo tún un tẹ̀, ó sì fò lọ sí nǹkan bíi 105 MB. Lẹ́yìn èyí, mo wọ inú router, mo so àdírẹ́sì 192.168.1.10 mọ́ Àpótí, kó má bàa yí padà nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì tún dé.

Ìpele 3: Ìgbìyànjú àkọ́kọ́, tí mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu

Samba ni ètò tí a fi ń mú kí Linux gbé fáìlì fún Windows àti Mac lọ́nà tí wọ́n gbọ́. Ọ̀nà àbùjá ni mo kọ́kọ́ tọ̀. Mo kọ `guest ok = yes` àti `map to guest = Bad User` sínú `/etc/samba/smb.conf`, ìwé ìlànà Samba, mo fi `chmod 777` ṣí fódà `/srv/ise` sílẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sì rò pé bí a kò bá bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ, orúkọ kò ní dá ìjà sílẹ̀.

Mac wọlé, Windows 10 náà wọlé. Windows 11 kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ètò ààbò ilé iṣẹ́ wa kò fàyè gba àlejò tí kò fi ara rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé iṣẹ́ wa kò ní ètò ààbò kankan. Mo yí `AllowInsecureGuestAuth` sí 1 nínú registry, níbi tí Windows ń pa ètò rẹ̀ mọ́ sí, ó ṣì kọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé láti 24H2, Windows 11 Pro ti ń béèrè pé kí a fọwọ́ sí gbogbo ìsọfúnni tó ń rìn láàárín òun àti ibi ìpamọ́, àlejò tí kò ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò sì ní ohun tí yóò fi fọwọ́ sí i. Mo ti ń kọ kọ́máǹdì PowerShell tí yóò pa ìbéèrè yẹn náà lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé wọlé wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀dá, oníbàárà tó jókòó síta ń bèèrè pé kí ni fódà `ise` tí òun ń rí lórí fóònù òun." Ẹni náà ti gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé Wi-Fi lọ́wọ́ wọn nígbà tó ń dúró de káàdì rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ oníbàárà yòókù wà lójú rẹ̀ kedere, ó sì lè pa wọ́n rẹ́ bó bá fẹ́.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, registry náà kò gbẹ́yìn. Sátidé àkọ́kọ́ parí síbẹ̀.

Ìpele 4: Ìgbìyànjú kejì, NFS

Mo rò pé, ó kéré tán, kí Linux méjèèjì àti Mac lo NFS, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń pín fódà, láàárín ara wọn, kí n wá nǹkan mìíràn fún Windows. Mo kọ ìlà yìí sínú `/etc/exports`:

`/srv/ise 192.168.1.0/24(rw,sync,no_subtree_check)`

Mac kò gbà títí mo fi fi `-o resvport` kún kọ́máǹdì `mount` rẹ̀. Ìyẹn kéré sí ohun tó tẹ̀ lé e. Irú NFS tí mo gbé kalẹ̀ yìí kì í wo orúkọ rárá; nọ́ńbà ló ń gbé kiri. Gbogbo fáìlì tí mo fi `onise` dá sórí Àpótí jẹ́ ti 1000, nítorí náà, nígbà tí mo wò wọ́n láti yàrá pléètì, ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ yẹn ló wá di ẹni tó ni gbogbo iṣẹ́ wa. Fáìlì tí ọmọkùnrin náà dá jẹ́ ti 1001, tí Àpótí kò mọ̀ rí. Ti Mac jẹ́ ti 501, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹnì kan lè ṣí fáìlì kó má lè fi í pamọ́, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ lè ṣí i.

Mo lè fi `usermod -u` yí nọ́ńbà wọn padà títí wọn yóò fi bára mu, mo sì gbìyànjú rẹ̀ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà tuntun kan bá dé lọ́la, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni n ó padà sí. Mo yọ NFS kúrò.

Ìpele 5: Èyí tó dúró

Ní Sátidé kejì, mo gbà pé n kò ní fi ipá mú kọ̀ǹpútà márùn-ún fohùn ṣọ̀kan. Àpótí nìkan ni yóò mọ orúkọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò jẹ́ orúkọ tí Àpótí mọ̀ ọ́n sí, ohun yòówù kó máa jẹ́ nílé tirẹ̀. Orúkọ mẹ́rin ni mo dá, mo fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ kan: `iwaju`, `grafiki`, `pleeti` àti `owo`.

`sudo groupadd itewe`
`sudo useradd -M -s /usr/sbin/nologin -G itewe iwaju`
`sudo smbpasswd -a iwaju`

Ìlà kejì dá àkáǹtì tí kò ní fódà ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè jókòó sídìí Àpótí fi wọlé. Ìlà kẹta ni mo kọ́kọ́ fojú fò dá: `passwd` ni mo lò, mo sì fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú wá ìdí tí Samba fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò tọ̀nà. Ìwé orúkọ Samba yàtọ̀ sí ti Linux. Ẹni tí a kò bá fi `smbpasswd -a` kọ sínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ fi àkáǹtì `onise` náà sínú ẹgbẹ́ `itewe`, mo sì kọ `usermod -G itewe onise` láìfi `-a` sí i. Láìsí `-a`, kọ́máǹdì yẹn kò fi ẹgbẹ́ tuntun kún ti àtẹ̀yìnwá; ńṣe ló fi í rọ́pò wọn. `onise` bọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ `sudo`, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ní àṣẹ alábòójútó, Àpótí kò sì jẹ́ kí n ṣàtúnṣe ohunkóhun mọ́. Mo ní láti pa á, kí n tan án padà, kí n wọ recovery mode, ojú ìtúnṣe tí kì í béèrè `sudo`, kí n sì kọ èyí níbẹ̀:

`mount -o remount,rw /`
`usermod -aG sudo,itewe onise`

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ abala yìí sínú `smb.conf`:

```
[ise]
   path = /srv/ise
   valid users = @itewe
   read only = no
   force group = itewe
   create mask = 0660
   force create mode = 0660
   directory mask = 2770
   force directory mode = 2770
```

`force user` ni mo kọ́kọ́ lò dípò `force group`, kí gbogbo fáìlì lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ rọrùn jù, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó dá fáìlì mọ́, ọ̀rọ̀ fáìlì tó ṣì lọ ló sì gbé mi dé ibẹ̀. Pẹ̀lú `force group`, fáìlì ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó dá a, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì lè tún un ṣe. Nọ́ńbà 2 tó ṣáájú 770 ló ń mú kí fódà tuntun jogún ẹgbẹ́ fódà tí a dá a sí.

Fáìlì àtijọ́ ṣì ku. Mo kọ `chmod -R 660 /srv/ise`, gbogbo fódà sì ti pa dé mọ́ wa lójú, nítorí pé fódà tí kò ní àṣẹ `x` kò ṣeé wọ̀. Bí ó ṣe yẹ kí n ti ṣe é nìyí:

`sudo chgrp -R itewe /srv/ise`
`sudo find /srv/ise -type d -exec chmod 2770 {} +`
`sudo find /srv/ise -type f -exec chmod 660 {} +`

Mo yí `map to guest` sí `Never`, mo fi `testparm` yẹ ìwé náà wò, mo tún smbd, ìyẹn Samba fúnra rẹ̀, tàn, mo sì fi `ufw`, ògiri ààbò Ubuntu, gbà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé nìkan dé ọ̀dọ̀ Samba. Oníbàárà tó bá wà lórí Wi-Fi lè rí i pé Àpótí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọlé.

Ìpele 6: Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan

Windows 11 ló gba àsìkò jù. Kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni, ó ti kọ́kọ́ gbé ímeèlì rẹ̀ lọ fún Àpótí, Àpótí sì lé e padà. Nígbà tí mo wá fi `grafiki` wọlé, ó mú àṣìṣe 1219 jáde, tó túmọ̀ sí pé orúkọ mìíràn ti wà lórí ìsopọ̀ kan náà láti orí kọ̀ǹpútà yẹn. Ìyókù ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni. Mo ní kí ayàwòrán pa gbogbo fáìlì rẹ̀ dé, mo sì kọ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra:

`net use * /delete`
`cmdkey /add:192.168.1.10 /user:apoti\grafiki /pass`
`net use Z: \\192.168.1.10\ise /persistent:yes`

Orúkọ `apoti` tó ṣáájú `grafiki` ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ fún Windows pé àkáǹtì ti Àpótí ni, kì í ṣe ti orí kọ̀ǹpútà náà.

Fún kọ̀ǹpútà iwájú, n kò fẹ́ yọ akọ̀wé lẹ́nu. Mo dá fáìlì `/etc/samba/usermap.txt`, mo kọ `iwaju = "Front Desk"` sínú rẹ̀, mo sì fi ìlà `username map` tọ́ka sí i nínú `smb.conf`. Bí `Front Desk` bá ti kànlẹ̀kùn, `iwaju` ni Àpótí ń rí. Èyí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé Windows bá bá ti `smbpasswd` mu, nítorí náà kọ̀ǹpútà iwájú ní láti gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì ni akọ̀wé fi kùn sí mi.

Ní yàrá pléètì, mo fi `cifs-utils`, tó ń jẹ́ kí Linux so mọ́ fódà Samba, sí i, mo sì kọ ìlà kan sínú `/etc/fstab`, ìwé tó ń sọ fódà àti disk tí Linux máa so mọ́ra:

`//192.168.1.10/ise /mnt/ise cifs credentials=/etc/ise.cred,uid=1001,gid=1001,file_mode=0660,dir_mode=0770,nofail,x-systemd.automount 0 0`

`uid=1001` ń mú kí gbogbo ohun tó wà nínú fódà náà dà bí ti ọmọkùnrin náà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ gidi wà lọ́wọ́ Àpótí. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà nínú `/etc/ise.cred`, tí mo ti pa mọ́ pẹ̀lú `chmod 600`.

Mac kò le rárá. Mo tẹ Command àti K, mo kọ `smb://192.168.1.10/ise`, mo yan Registered User dípò Guest, mo sì fi `owo` wọlé. Mo fi `vfs objects = catia fruit streams_xattr` sínú `smb.conf` nítorí rẹ̀.

Ìpele 7: Ohun tó jáde lẹ́yìn náà

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, iná lọ ní agogo mẹ́wàá, ó sì dé ní agogo mọ́kànlá. Gbogbo kọ̀ǹpútà tàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù ṣetán ṣáájú Àpótí, wọ́n sì ní àwọn kò rí i. Mint kò ní ìṣòro, nítorí `x-systemd.automount` kì í wá fódà náà àfi nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ti Windows máa ń fi àmì pupa sára Z:, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ṣí. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri kí wọ́n má bàa pè mí nítorí rẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni fódà méjì tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ `Ọjọ́ Ìbí`, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí ìyàtọ̀ kankan tí ojú lè rí. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé rò pé Àpótí ti ya wèrè. Mo fi `ls | hexdump -C` wò ó. Lẹ́tà `ọ́` inú ọ̀kan jẹ́ `e1 bb 8d cc 81`, ìyẹn `ọ` tí a fi àmì òkè lé lórí. Ti èkejì jẹ́ `c3 b3 cc a3`, ìyẹn `ó` tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Bí kíbọọ̀dù ayàwòrán àti ti akọ̀wé ṣe ń to àmì ohùn yàtọ̀ síra, Linux kò sì ka méjèèjì sí ọ̀kan. Mo kó ohun tó wà nínú fódà kejì sínú àkọ́kọ́, mo pa á rẹ́, mo sì fi èyí tún gbogbo orúkọ tó kù ṣe:

`convmv -f utf8 -t utf8 --nfc --notest -r /srv/ise`

Ẹ kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́ láìsí `--notest`, kó lè fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín ṣáájú. Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lálaalẹ́ ní agogo mẹ́jọ. A tún fi ẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má fi àmì `/`, `:` tàbí `?` sínú orúkọ fáìlì, nítorí Mac ń gbà kí a fi `/` àti `?` sí i, Windows kò sì gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Mọ́mì ti máa ń kọ ọjọ́ bíi 12/04 sínú orúkọ ìwé owó rẹ̀.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé fáìlì kan kò ṣí, `sudo smbstatus` ni mo ń fi wò ó láti mọ ẹni tó mú un dání, gbogbo ìgbà tí mo ti lò ó ni ó sì ti jẹ́ pé ayàwòrán ló lọ jẹun láìpa iṣẹ́ rẹ̀ dé. Mọ́mì ti kó fláàṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì wọn. Iṣẹ́ tí oníbàárà bá gbé wá nìkan ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣí i. Ohun tó kù ni disk ìta tí a ó máa da ẹ̀dà `/srv/ise` sí lálẹ́, nítorí disk inú Àpótí ti dàgbà. Mo ti sọ iye rẹ̀ fún Mọ́mì, wọ́n sì ní kí n padà wá lẹ́yìn tí owó ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan bá wọlé.